Iléèwé àti Ìforúkọsílẹ̀ Ọmọ Àlejò ní Mayfair

Mayfair, àdúgbò kan ní ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú Johannesburg, jẹ́ ibi tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun nígbà kan rí. Àwọn ará Íńdíà ya wọ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará Sòmálíà àti Etiópíà náà ti ń dé, ogun ló sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílé. Bí ọmọ wọn yóò ṣe wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun mẹ́rin: ìwé, àyè, owó àti èdè.

Òfin ti ṣílẹ̀kùn fún wọn. Abala 29 nínú ìwé òfin Gúúsù Áfíríkà ti 1996 fún gbogbo ènìyàn, onílé àti àlejò, ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀.

Ìwé ló kọ́kọ́ ń dí wọn lọ́nà. Iléèwé ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí, káàdì àjẹsára, ìwé ìdánimọ̀ òbí àti ẹ̀rí ibùgbé. Ẹni tó sá ogun lè má rí ìwé ìbí ọmọ mú jáde, ẹni tó sì gba yàrá kan lọ́wọ́ ayálégbé bíi tirẹ̀ kì í sábà ní bílì iná tó ní orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga ní Makhanda dájọ́ pé iléèwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ torí àìníwèé lé ọmọ padà. Ìwé ìbúra òbí tó.

Ní ti àyè, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìpínlẹ̀ Gauteng ti ń gba orúkọ láti 2015. Iléèwé tó bá kún kò lè gbà mọ́. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ pẹ́ wọlé lè bá ara rẹ̀ níbi tó jìnnà, owó ọkọ̀ á sì kún ìnáwó òbí.

Ní ti owó, ìpele márùn-ún ni ìjọba pín iléèwé sí. Mẹ́ta tó wà fún àwọn aláìní jù kì í gbowó; ìpàdé òbí ló ń fọwọ́ sí iye tí àwọn yòókù ń gbà. Òbí tí apá rẹ̀ kò ká a lè bẹ̀bẹ̀ fún ìdásílẹ̀, àmọ́ yóò fi ẹ̀rí iye tó ń rí hàn, ẹni tó ń pàtẹ kò sì ní ìwé owó oṣù.

Ọmọ tó gbọ́ èdè Sòmálì nìkan, tó wá bọ́ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, nílò olùkọ́ tí yóò fara balẹ̀ tì í lẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè sú u kó sì fi iléèwé sílẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fagi lé owó iléèwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, ọmọ iléèwé pọ̀ sí i láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ní Mayfair, yíyọ owó kúrò nìkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àfi bí iléèwé bá gba ìwé ìbúra, tí ó ní ìjókòó, tí ó sì ní olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní èdè tuntun.