Ìjà Lórí Ìwọ̀n Ilé ní Erékùṣù Sapelo

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn kọmíṣọ́nnà márùn-ún tí ń ṣe àkóso McIntosh County ní ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, jókòó láti dìbò lórí ohun kan tí ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn bíríkìlà lásán: báwo ni ilé tí ènìyàn lè kọ́ sí abúlé Hog Hammock ṣe lè tóbi tó? Láti ọdún 1994 ni òfin ti fi lélẹ̀ pé ilé kan níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 1,400 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ. Mẹ́ta nínú wọn dìbò pé kí ó di 3,000. Méjì kọ̀. Bí òfin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣe dópin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ojú wa mọ̀ wọ̀n ọ́n. Pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí ó jẹ́ 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà fẹ̀ tó 5,000. Ilé 1,400 yóò gbà díẹ̀ ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilé 3,000, bí kò bá ní òkè, yóò gbà ju ìdajì lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ta ni yóò bínú pé aládùúgbò òun kọ́ ilé ńlá? A ó bá a yọ̀, a ó sì jẹ ìrẹsì ìṣílé rẹ̀. Kí ló wá dé tí àwọn àgbàlagbà Hog Hammock, tí wọn kò tó ọgọ́ta mọ́ lónìí, fi wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá láti lọ fi ẹ̀hónú hàn, tí wọ́n sì gbé ìjọba káúńtì wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ kí oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó parí? Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn.

Káúńtì, tí a lè fi wé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ni ó ń pàṣẹ lórí ìlò ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tí kò sí lábẹ́ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà. Òun ni yóò sọ pé ibí yìí wà fún oko, ibí yìí fún ilé gbígbé, ọ̀hún fún ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe òfin àtayébáyé. Ọdún 1916 ni ìlú New York kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ tí ó kárí gbogbo ìlú, nígbà tí ó sì di 1926, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ abúlé Euclid ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ṣùgbọ́n ní 1917, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ti fagi lé òfin ìlú Louisville tí ó sọ pé ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ ra ilé sí àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ funfun ti pọ̀ jù. Àwọn tí kò fẹ́ ènìyàn dúdú ládùúgbò wá ọgbọ́n mìíràn dá. Wọn kò dárúkọ àwọ̀ mọ́. Wọ́n kàn ń kọ ọ́ sínú òfin pé ilẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí báyìí, ilé kò gbọdọ̀ kéré sí báyìí, ẹni tí kò bá sì lówó yóò mọ̀nà ilé rẹ̀. Òfin tí a fi lé ènìyàn dúdú jìnnà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Hog Hammock yí orí rẹ̀ padà ní 1994 láti fi dáàbò bo ara rẹ̀: dípò kí ilé má kéré jù, kí ó má tóbi jù.

Erékùṣù Sapelo tó nǹkan bí 16,500 éékà. Kò sí afárá tí ó dé ibẹ̀ títí di òní. Ọdún 1802 ni Thomas Spalding ra ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà gbin òwú àti ìrèké. Gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni Bilali Muhammad, Mùsùlùmí láti Futa Jallon, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Guinea lónìí. Òun ni Spalding fi ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ oko, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá tí ó wà ní Yunifásítì Georgia báyìí. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ kò tíì kúrò ní erékùṣù náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Cornelia Walker Bailey, òǹkọ̀wé àti òpìtàn tí ó kú ní 2017, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbìyànjú láti sọ ẹ̀wà pupa tí àwọn baba rẹ̀ ń gbìn di ohun títà, kí ilẹ̀ náà lè máa mówó wọlé fún àwọn tí wọ́n ni ín.

Gullah ni a ń pe irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní South Carolina, a sì ń pè wọ́n ní Geechee ní Georgia. Àdágbé erékùṣù ni ó jẹ́ kí èdè wọn àti àṣà wọn yàtọ̀. Nígbà tí Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ó bá orúkọ àti ọ̀rọ̀ láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Áfíríkà lẹ́nu wọn, Yorùbá sì wà lára rẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1949. Nítorí náà, bí a ti ń ka ìtàn yìí, kì í ṣe ìtàn àjèjì pátápátá ni a ń kà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1865, bí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti ń lọ sópin, ọ̀gágun Sherman pàṣẹ pé kí wọ́n ya àwọn erékùṣù etíkun náà sọ́tọ̀ fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀ tí kò ju 40 éékà lọ. Tunis Campbell, oníwàásù tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú láti ìhà àríwá, ni a rán wá láti mójú tó Sapelo àti àwọn erékùṣù mìíràn. Ọdún náà kò tíì parí tí Ààrẹ Andrew Johnson fi dá ilẹ̀ padà fún àwọn olówó àtijọ́. Campbell kọjá sí orí ilẹ̀ McIntosh County, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ó sì di alágbára ní káúńtì yìí gan-an. Ní 1876, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì fi òun, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣe òṣìṣẹ́ àyálò fún olóko. Ẹni tí ó bá ń ṣe kàyéfì pé àwọn ará Sapelo kì í tètè gba ọ̀rọ̀ ìjọba McIntosh gbọ́, kí ó rántí ọkùnrin yìí.

Ilẹ̀ tí ìjọba gbà padà, owó ni àwọn ènìyàn náà fi wá a. Ní 1871, àwọn kan nínú wọn da owó jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ William Hillery sílẹ̀, wọ́n sì ra ilẹ̀ ní Raccoon Bluff, ní ìhà àríwá erékùṣù náà. Àwọn abúlé mìíràn dìde. Àfìgbà tí àwọn olówó ńlá tún dé: Howard Coffin, onímọ́tò láti Detroit, ra ibi tí ó pọ̀ jù ní 1912, R. J. Reynolds kékeré, ajogún ilé-iṣẹ́ tábà, sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1934. Reynolds kò fẹ́ kí àwọn abúlé fọ́n káàkiri ilẹ̀ ìdẹ̀ra rẹ̀. Ó ń fi ilẹ̀ pààrọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi ṣù jọ sí Hog Hammock nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìdílé kan ṣì ń sọ pé pàṣípààrọ̀ náà kò ti inú àwọn wá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, opó rẹ̀ ta ìyókù fún ìjọba ìpínlẹ̀ ní 1969 àti 1976. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ onílẹ̀ kò pé 450 éékà, ìyẹn nínú 16,500.

Ilẹ̀ yìí náà ní àìsàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wọn kú láìṣe ìwé ìhágún, nítorí náà gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ó jọ ni ilẹ̀ náà pọ̀. Ẹ ó sọ pé ilẹ̀ ẹbí ni, bẹ́ẹ̀ sì ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n lójú òfin Amẹ́ríkà, kò sí olórí ẹbí, kò sí mọ́gàjí tí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ gbọdọ̀ wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó lè tà. Ajogún kan ṣoṣo, tí ó lè má tíì fi ẹsẹ̀ tẹ erékùṣù náà rí, lè ta ìpín tirẹ̀ fún àjèjì, àjèjì náà a sì bẹ adájọ́ pé kí ó ta gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo kí olúkúlùkù gba owó tirẹ̀. Georgia ṣe òfin ní 2012 láti dín ìwà yìí kù. Ilẹ̀ púpọ̀ ti lọ kí òfin náà tó dé, káàkiri etíkun náà.

Ibi tí àwọn ará Sapelo ti rí àwòkọ́ṣe burúkú ni Hilton Head, ní South Carolina. Ní 1956 ni wọ́n ṣí afárá tí ó so ó mọ́ ilẹ̀. Kò pẹ́ tí pápá gọ́ọ̀fù, ilé ìtura àti àdúgbò olódi fi gba ibẹ̀, tí ibojì àwọn baba ńlá Gullah fi bọ́ sínú ọgbà tí àwọn ọmọ wọn gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ aṣọ́nà kí wọ́n tó wọlé. Òfin 1994 jẹ́ ìdáhùn sí irú ìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ààfin ìsinmi létíkun kò ní wá síbi tí a kò ti lè kọ́ ju 1,400 lọ.

Bí ilé ẹlòmíràn ṣe lè lé ọ kúrò nílẹ̀ rẹ ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, ọdọọdún ni onílẹ̀ ń san owó-orí lórí ilẹ̀ àti ilé, iye tí ilẹ̀ ń tà ládùúgbò sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bí àwọn àlejò bá ra ilẹ̀ ní ọ̀wọ́n, tí wọ́n sì kọ́ ilé ńlá sí i, ilẹ̀ ìyá arúgbó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti di ọ̀wọ́n nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti tà á. Ní 2012, káúńtì tún iye ilẹ̀ Hog Hammock ṣírò, owó-orí àwọn kan sì di ìlọ́po márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá lè san án, gbàǹjo ni. Àwọn ará abúlé pẹjọ́, káúńtì sì yanjú rẹ̀ pẹ̀lú wọn ní 2022. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 3,000 dé.

Àwọn kọmíṣọ́nnà ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní ilé 1,400 ti há jù fún ìdílé tí ó ń gbòòrò, àti pé òfin àtijọ́ náà ṣòro láti mú ṣẹ, nítorí iyàrá tí a ń mú gbóná tàbí tútù nìkan ni ó ń kà, àwọn olówó sì ti rí ọ̀nà gbà yẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ lójú àwọn ènìyàn náà pé bí wọn kò bá fẹ́ àjèjì, kí wọ́n má ta ilẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbá dànù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ erékùṣù náà ni wọ́n ta èyí tí a ti tà. Ohun tí kọmíṣọ́nnà náà kò fi kún un ni ẹni tí ó là ògiri náà: owó-orí tí káúńtì gbé lé wọn lórí, àìsíṣẹ́, àti òfin ogún tí ó jẹ́ kí ẹni kan ta ilẹ̀ gbogbo ilé.

Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, tí wọ́n ń yí ìlò ilẹ̀ padà níwájú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Nọ́ńbà ni gbogbo wa ń kọ sínú ìwé. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ní McIntosh, ohun tí ó burú jù lójú mi kì í ṣe 3,000. Òfin àtijọ́ ní gbólóhùn kan nínú tí ó jẹ́wọ́ pé abúlé yìí ní ìtàn tirẹ̀ àti pé àwọn tí ń fi ilẹ̀ ṣòwò èlé ń halẹ̀ mọ́ ọn. Òfin tuntun yọ ọ́ kúrò. Nọ́ńbà lè tún yí padà lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ìwé òfin kò bá mọ̀ mọ́ pé ewu kan wà, kí ni adájọ́ yóò dì mú?

Ní Beaufort County, ní South Carolina, wọ́n ṣe é lọ́nà mìíràn. Láti 1999 ni òfin ibẹ̀ ti fi ààbò àṣà bo erékùṣù St. Helena: kò sí pápá gọ́ọ̀fù, kò sí ilé ìgbafẹ́ ńlá, kò sí àdúgbò olódi. Nígbà tí oníṣòwò kan fẹ́ kí wọ́n yọ nǹkan bí 500 éékà kúrò lábẹ́ ààbò náà kí òun lè ṣe pápá gọ́ọ̀fù, ìgbìmọ̀ káúńtì kọ̀ fún un ní 2023, ọdún kan náà tí McIntosh ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Àwọn ará Sapelo wá yíjú sí ohun tí ó wà nínú ìwé òfin Georgia fúnra rẹ̀. Òfin náà gba àwọn olùdìbò káúńtì láyè láti fi ìbuwọ́lùwé bẹ̀bẹ̀ fún ìdìbò tí ó lè fagi lé ohun tí àwọn kọmíṣọ́nnà ṣe. Kò sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ kà á sí títí di 2022, nígbà tí àwọn ará Camden County, ní etíkun kan náà, lò ó láti dá ètò ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà sì dá wọn láre ní 2023. McIntosh tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fi ìdìbò sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Àwọn kan tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò ṣáájú ọjọ́ náà kí adájọ́ kan tó dá a dúró, pé agbára yẹn kò kan òfin ìlò ilẹ̀. Ọdún kan gbáko kọjá. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Georgia dá ìdájọ́ náà nù: ó kàn án, àwọn ará ìlú lè dìbò lórí rẹ̀.

Àwọn ìbuwọ́lùwé tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ fún ìdìbò náà, tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì rí i pé wọ́n pé, lé ní 1,800. Olùdìbò káúńtì náà ni gbogbo wọn. Kò sí bí àwọn ará Hog Hammock ṣe lè pé ọgọ́ta nínú wọn. Ní ìhà kejì omi ni ìyókù ń gbé.