Àwọn Àfọkàntán Oníbọn: Ìtàn Fàyàwọ́ àti Ìwádìí Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Arkansas

Bí a bá gbọ́ pé ní àwọn ọdún 1960 ọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ní apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí a má ṣe rò pé ilé olókùúta tí a fi irin dí fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n mú un lọ, nítorí oko gan-an ni ẹ̀wọ̀n ibẹ̀. Oko méjì ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní nígbà náà, àwọn méjèèjì sì wà lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ọlọ́ràá tí odò Arkansas ń ṣàn gbà: Cummins, tí wọ́n rà ní ọdún 1902, tí ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 16,000 éékà, àti Tucker, tí wọ́n rà ní ọdún 1916, tí tirẹ̀ tó nǹkan bí 4,500 éékà. Òwú ni àgbà ohun ọ̀gbìn wọn, ìrẹsì àti ẹ̀wà sóyà tẹ̀lé e, àwọn ẹlẹ́wọ̀n a sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀, láìgba kọ́bọ̀.

Kí á tó dá ẹjọ́ oko wọ̀nyí, ó yẹ kí á mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí òfin ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ìjọba Arkansas bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹlẹ́wọ̀n háyà fún àwọn oníṣòwò àti àwọn olóko ńláńlá, owó orí ènìyàn sì ń wọ àpò ìjọba. Gómìnà George Donaghey kórìíra àṣà yìí, ó bá àwọn aṣòfin wí títí, etí wọn kò gbà á. Nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí ó fi ipò sílẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 1912, ó dárí ji 360 ẹlẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn tí ń háyà ènìyàn má baà rí ẹni tí wọn yóò háyà mọ́. Ọgbọ́n náà jẹ́, àṣà háyà kú, ṣùgbọ́n èrò tí ó bí i kò bá a kú. Àwọn aṣòfin ṣì gbà nínú ọkàn wọn pé ẹ̀wọ̀n kò gbọdọ̀ ná ìlú ní ohunkóhun, pé oko ni yóò bọ́ ẹlẹ́wọ̀n, tí yóò bọ́ wọ́dà, tí yóò sì tún ṣẹ́ kù fún ìjọba. Nínú ahun yìí, lójú tèmi, ni gbogbo ìbàjẹ́ tí ẹ ó gbọ́ ti jáde, àní ju inú ìwà ìkà ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹni tí kò fẹ́ náwó kò lè gba òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́ níkẹyìn, àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ fi hàn pé ní Cummins, òṣìṣẹ́ 35 péré ni ìjọba ń san owó fún láti ṣe àkóso ẹlẹ́wọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000. Nínú 35 yìí, ẹni mẹ́jọ ni ó wà fún iṣẹ́ ìṣọ́, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ó di ẹni méjì. Ta wá ni ń ṣọ́ ọgbà? Àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ni. Ìbáà ṣe apààyàn, ìbáà ṣe olè, ẹni tí àwọn ọ̀gá bá ti rí i pé ojú rẹ̀ le, tí ó sì mọ̀ bí a ti ń pàṣẹ, wọ́n a gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, wọ́n a sì sọ ọ́ di àfọkàntán. Àfọkàntán ní ń jókòó lórí ilé ìṣọ́, àfọkàntán ní ń gbé ìbọn tẹ̀lé àwọn tí ń ro oko. Òun ní ń di kọ́kọ́rọ́ mú, òun ní ń kọ ìwé ní ọ́fíìsì, òun ní ń ṣe olórí ilé ìdáná, òun náà ni ó sì ń yan nínú àwọn aláìsàn ẹni tí yóò rí dókítà àti ẹni tí yóò gbé ọkọ́ lọ sóko.

Owó oṣù kò sí fún un. Àwọn àgbà wa sì ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Àfọkàntán Arkansas rí pẹpẹ tirẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ dé egungun. Oúnjẹ tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹlẹ́wọ̀n, ó ń tà á fún àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí oòrùn oko ti pa tì, tí ó fẹ́ iṣẹ́ abẹ́ òrùlé, yóò san owó. Ẹni tí ń fẹ́ oògùn yóò san owó. Ẹni tí kò fẹ́ kí a ròyìn òun fún ọ̀gá, kí kòbókò má baà bà lé òun, yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ìlú jẹ́ èèwọ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n, owó ọgbà tí wọ́n ń pè ní brozine ni òfin fi fún un, síbẹ̀ owó gidi ń yí láti ọwọ́ dé ọwọ́, tẹ́tẹ́ ń lọ, sogún-dogójì ń lọ, ọtí àti oògùn olóró ń wọlé ní ọ̀sán gangan. Ẹni tí kò ní ẹbí tí yóò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i a máa ta ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, n kò sì fi èyí ṣe àsọdùn, nítorí ètò wà nínú ọgbà náà tí ẹlẹ́wọ̀n fi lè ta ẹ̀jẹ̀ kí ó sì gba owó. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Níhìn-ín, ẹni tí a ní kó máa dí ẹnu ògiri ni ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ alángbá. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè bí a ti lè mú fàyàwọ́ kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni owó iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, tí a bá sì gbà á lọ́wọ́ wọn lónìí, kò ní sí ẹ̀ṣọ́ lọ́la.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966 ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Gómìnà Orval Faubus, ọkùnrin kan náà tí ó gbé ọmọ ogun dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ní Little Rock ní ọdún 1957 kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú má baà wọlé, ni ó rán àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lọ sí Tucker. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán yóò sùn ní alẹ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá láàárín ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí kò sí wọ́dà, tí ọ̀bẹ sì wà lábẹ́ ibùsùn. Síbẹ̀ wọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìwé ẹ̀rí sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìròyìn àwọn ọlọ́pàá náà fi di ojú ewé 67. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń wá ni rìbá àti fàyàwọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Ohun tí ó hàn síta ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi tẹlifóònù àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí ṣe: wọn a so wáyà rẹ̀ kan mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n, wọn a so èkejì mọ́ ojú ara rẹ̀, wọn a sì máa yí i kí iná lè gbé e. Tẹlifóònù Tucker ni wọ́n ń pè é, yàrá tí wọ́n sì ti ń lò ó ni ilé ìwòsàn ọgbà náà.

Àwọn kan pàdánù iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́pàá náà wà lábẹ́ ẹní. Ìgbà tí Winthrop Rockefeller di gómìnà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967 ni aráyé tó rí i kà. Rockefeller wá Tom Murton, ọ̀mọ̀wé nípa ìwà ọ̀daràn, tí ó ti ṣiṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Alaska, ó sì fi í ṣe ọ̀gá Tucker. Murton pa kòbókò tì, ó tún oúnjẹ ṣe, ó ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi ìbò yan ìgbìmọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n òun náà, pẹ̀lú gbogbo akitiyan rẹ̀, kò lè gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn àfọkàntán, nítorí kò rí owó tí yóò fi san ẹlòmíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968 wọ́n fi Cummins kún iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní, níbi tí ẹlẹ́wọ̀n àgbàlagbà kan tọ́ka sí, ó mú kí wọ́n walẹ̀, wọ́n sì wú egungun ènìyàn mẹ́ta jáde. Murton ní ẹlẹ́wọ̀n tí a pa ni wọ́n, pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní ibi ìsìnkú àwọn tálákà àtijọ́ ni. Wọn kò jẹ́ kí ó wa ẹ̀kẹrin. Ní oṣù Kẹta ọdún náà wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, ìjà egungun sì bo ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 1980, nígbà tí wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ sinimá Brubaker, egungun náà ni ẹnu ń pọ́n sí. N kò bá òǹwòran jà. Egungun a máa fa ojú mọ́ra ju ìwé ìṣirò owó lọ, bẹ́ẹ̀ inú ìwé ìṣirò ni ẹjọ́ wà.

Adájọ́ kan ni ó wá ṣí ìwé ìṣirò náà. J. Smith Henley ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n Arkansas láti ọdún 1965, nígbà tí ó pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ na ẹnikẹ́ni láìsí ìlànà. Ní ọdún 1968, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, láti ẹnu Adájọ́ Harry Blackmun, fi òfin de kòbókò pátápátá. Ní oṣù Kejì ọdún 1970, nínú ẹjọ́ Holt àti Sarver, Henley ṣe ohun tí a kò tíì ṣe rí níbẹ̀: kò dá wọ́dà kan tàbí àfọkàntán kan lẹ́bi, ètò ẹ̀wọ̀n Arkansas lódindi ni ó ní ó lòdì sí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó bí ẹjọ́ náà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ wọ́n. Ìjọba bẹ̀bẹ̀ pé owó kò sí. Adájọ́ dáhùn pé bí Arkansas yóò bá ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ó ní èyí tí ó bá òfin mu.

Ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gba wọ́dà tí ń gba owó oṣù, ìbọn sì ń kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n díẹ̀díẹ̀. Fàyàwọ́ kò tán, nítorí ibi tí ènìyàn bá wà kò lè ṣàìsí ọjà, ṣùgbọ́n ó padà di ohun tí a ń gbé pamọ́ fún wọ́dà. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọdún 1978, nípa àwọn yàrá àhámọ́ tí wọn kò ní fèrèsé, tí wọ́n ń kó ènìyàn mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn adájọ́ àgbà fi ọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ nínú àhámọ́ ìjìyà náà. Wọ́n tún fi ọwọ́ sí ohun mìíràn tí ìpínlẹ̀ Arkansas jà fitafita kí ó má baà ṣẹ: owó iṣẹ́ àwọn lọ́yà tí ó gba ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n rò, $20,000 ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ àti $2,500 ní ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí ìjọba san án láti inú àpò ẹ̀ka ọgbà ẹ̀wọ̀n.