Pedro Infante: Gbẹ́nàgbẹ́nà Tí Ó Di Ohùn Àwọn Mẹ̀kúnnù Mẹ́síkò

Agbára káká ni a fi lè rí òṣèré mìíràn nínú ìtàn sinimá Mẹ́síkò tí àwọn mẹ̀kúnnù pè ní tiwọn tó Pedro Infante. Ohun méjì ni ó fà á: iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ṣe kí ó tó di olókìkí, àti irú èdè tí ó sọ nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe agbẹnusọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ìyẹn pẹ̀lú wà nínú ìtàn rẹ̀.

Ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1917 ni a bí i ní Mazatlán, ìlú etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Sinaloa. Guamúchil ni ó ti dàgbà. Olórin ni Delfino, bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n owó orin kò tó gbọ́ bùkátà ilé, Pedro sì kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. María Luisa León, ìyàwó rẹ̀, ni ó rọ̀ ọ́ kí wọ́n kó lọ sí olú-ìlú, níbi tí ó ti ń kọrin lórí rẹ́díò XEB. Ní ọdún 1943 ni ilé-iṣẹ́ Peerless bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin rẹ̀ sínú àwo. Àkókò náà ṣe é lóore. Ogun Àgbáyé Kejì ti gba ọkàn àwọn oníṣẹ́ fíìmù Hollywood, Amẹ́ríkà sì ń pèsè ohun èlò ìyàwòrán fún Mẹ́síkò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ogun. Bẹ́ẹ̀ ni sinimá Mẹ́síkò ṣe gbilẹ̀.

Jorge Negrete ni ìràwọ̀ òṣèré nígbà náà: ó wà lórí ẹṣin, nínú aṣọ olówó oko, pẹ̀lú ohùn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ orin òpẹ́rà. Ọ̀nà mìíràn ni Infante gbà. Nínú Nosotros los pobres, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘Àwa Tálákà’, tí Ismael Rodríguez darí ní ọdún 1948, òun ni Pepe el Toro, gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn láìṣẹ̀. Ẹni tí ó ti fá pákó jẹun rí kò nílò olùkọ́ kí ó tó di ayùn mú. Èdè Sípáníìṣì àdúgbò, pẹ̀lú àwàdà àti ẹnà rẹ̀, ni àwọn ènìyàn inú fíìmù náà ń sọ. Àwọn tí ó ti abúlé wá wá iṣẹ́ sí ìlú ńlá sì gbọ́ ara wọn nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu ọlọ́rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Ní ọdún 1948 kan náà, Infante kópa nínú Angelitos negros, fíìmù tí ó bá ìkórìíra aláwọ̀ dúdú wí. Síbẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n fi sọ ojú òṣèré di dúdú nínú rẹ̀. Ọdún 2019 ni òfin ìpìlẹ̀ Mẹ́síkò tó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà. Nínú Tizoc, Infante ṣe ọmọ onílẹ̀. Sípáníìṣì tí kò gún ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, bí ẹni pé ọmọ onílẹ̀ kò ní èdè tirẹ̀ tí ó pé pérépéré. Òfin ọdún 2003 ni ó ka àwọn èdè onílẹ̀ sí èdè orílẹ̀-èdè náà.

Infante fẹ́ràn ọkọ̀ òfuurufú. Ìjàm̀bá kan fọ́ ọ lórí ní ọdún 1949, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, ọdún 1957, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ já lulẹ̀ ní Mérida ní kété tí ó gbéra. Ẹni ọdún 39 ni. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó sin ín dé ibojì Panteón Jardín.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin fún un ní ẹ̀bùn òṣèré tí ó peregedé jùlọ, nítorí Tizoc. Èdè àpáàdì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni àjèjì fi yẹ́ ẹ sí. Ṣùgbọ́n Pepe el Toro, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó sọ èdè àdúgbò, ni àwọn mẹ̀kúnnù ń rántí.