Ojú Ọjọ́, Ìlú Olùgbàlejò àti Ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà: Láti Ìbàdàn 1980 dé Abidjan 2024

Ìfáàrà

Ní Erúnmu àti àwọn abúlé oko tó yí i ká ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, àgbẹ̀ kì í dá ọjọ́ ìgbìn láìwo ojú ọ̀run. Òjò àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta. A máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. A sì tún máa rọ̀ títí di oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé. Àwọn tó ń dá ọjọ́ fún ìdíje bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá pẹ̀lú kò lè sá fún ètò yìí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ojú ọjọ́ ní ń yan àkókò ìdíje, ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ ìlú olùgbàlejò ni yóò sọ bóyá àkókò náà yóò san ìdíje.

Ìbàdàn ní Ọdún 1980

Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gba àlejò Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè 8 péré ló kópa, ìlú 2 sì tó wọn: Èkó àti Ìbàdàn. Pápá Ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti ṣí láti ọdún 1960, ni Algeria, Ghana, Morocco àti Guinea ti figa gbága. Ibẹ̀ náà ni Algeria ti fi pẹnáritì borí Egypt kí wọ́n tó lọ sí àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀rùn ń kógbá sílé lásìkò náà, òjò kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0. Ṣẹ́gun Odegbami gbá 2 wọlé, Múdà Lawal sì gbá 1.

Ìyípadà Àkókò

Ní oṣù keje ọdún 2017, àjọ CAF pinnu pé kí ìdíje náà kúrò ní oṣù kìíní bọ́ sí oṣù kẹfà àti ìkeje, kí iye ẹgbẹ́ sì kúrò ní 16 di 24. Oṣù kẹfà ni àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù wà ní ìsinmi, wọn kò sì ní bá ẹnikẹ́ni du agbábọ́ọ̀lù. Ní Egypt lọ́dún 2019, òjò kò dí wọn lọ́wọ́. Ooru nìkan ló mú kí wọ́n máa dá eré dúró fún omi mímu. Ṣùgbọ́n etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe Egypt. Oṣù kẹfà gan-an ni òjò máa ń le jù níbẹ̀. Nítorí òjò ni wọ́n ṣe dá ìdíje Cameroon ti ọdún 2021 padà sí oṣù kìíní, kí àrùn Kòrónà tó tún sún un sí ọdún 2022. Nítorí òjò kan náà ni ìdíje ọdún 2023 ní Côte d'Ivoire ṣe di ti oṣù kìíní àti ìkejì ọdún 2024.

Ipa Ìlú Olùgbàlejò

Ìlú 5 ni Côte d'Ivoire lò: Abidjan àti San-Pédro létí òkun, Yamoussoukro àti Bouaké láàárín ìlú, Korhogo níhà àríwá tó jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn. Oṣù kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ wọn kò dọ́gba. Yíyí oṣù padà nìkan kò sì tó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, òjò rọ̀ sí pápá Ebimpé ní Abidjan nígbà tí Côte d'Ivoire ń bá Mali gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Omi dúró lórí koríko, eré kò sì kọjá ìdajì. Eji ò mọ ẹni ọ̀wọ̀: pápá tuntun pàápàá nílò ọ̀nà tí omi yóò gbà fà. Wọ́n tún pápá náà ṣe. Lórí rẹ̀ ni Côte d'Ivoire ti na Nàìjíríà ní 2-1 ní àṣekágbá, ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ètò tí a gbé ka ìsinmi ilẹ̀ òkèèrè kò lè borí òjò ilẹ̀ olùgbàlejò. Olùkọ́ ìtàn lè lò ó láti so ìtàn pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa pàápàá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe eré ìje ilé-sí-ilé. Ohun tí àgbẹ̀ Erúnmu ń fi ojú wò kó tó gbé ọkọ́, ó yẹ kí olùṣètò ìdíje wò ó kó tó dá ọjọ́.