Bí Idà Ṣe Ń Di Orí: Àwọn Ère Èsìẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Èsìẹ́ ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, nítòsí Ọ̀mù-Àrán.

Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n tipẹ́ kí Ramsay, òyìnbó tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́, tó ta ìjọba lólobó ní 1933. Ní 1945, wọ́n ṣí mùsíọ́mù síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, wá ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ère náà. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1978.

Ká ní èmi ni mo fẹ́ kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ère kọ̀ọ̀kan á ní àkójọ tirẹ̀: ohun tó wà lórí, ohun tó wà lọ́wọ́, ohun tó fi jókòó. Màá wá kó gbogbo rẹ̀ sínú àkójọ ńlá kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè òpìtàn kì í mọ lórí ère kan. Ó fẹ́ mọ ohun tí gbogbo wọn dé sórí, kó lè mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ó di dandan kí ohun tó wà ní ìbú bọ́ sí òòró.

Nínú Haskell, èdè kọ̀ǹpútà tí àlàyé rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1990, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń ṣe é: transpose. Ẹ jẹ́ ká fi ère mẹ́ta ṣàpẹẹrẹ:

transpose [["irun dídì","àdá","àpótí"], ["idà","àpótí"], ["fìlà","àdá","àpótí"]]

Ère kejì ò lórí mọ́. Ọ̀pọ̀ ère Èsìẹ́ ló ti kán bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó jáde:

[["irun dídì","idà","fìlà"], ["àdá","àpótí","àdá"], ["àpótí","àpótí"]]

Ṣé ẹ rí i? Idà ti di orí! Àpótí ti bọ́ sọ́wọ́. Haskell ò sì pariwo pé nǹkan kan bàjẹ́, torí nínú òfin tirẹ̀, àkójọ tó kúrú kì í ṣe àṣìṣe. Ó kàn ń sún èyí tó kù síwájú ni.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ibi tí nǹkan ò bá sí, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí. Haskell ní ọ̀rọ̀ fún un: Nothing. Èyí tó bá wà, ẹ fi Just ṣáájú rẹ̀:

[Nothing, Just "idà", Just "àpótí"]

Báyìí, ère mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àyè mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ yí i bó ṣe wù yín, kálukú á dúró sí àyè rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìran wa ló ń sá kó ohun àtijọ́ sínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Orí tó kán kúrò lára ère kò gbọdọ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá rí i lọ́la, àyè rẹ̀ ló máa sọ ibi tí wọ́n á dá a padà sí.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń kọ́ kóòdù.