Bí sáfà bá kọṣẹ́: ẹ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ rẹ̀

Bí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, bá kọṣẹ́ ní Gánmọ, ọ̀nà jìn sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ náà ni yóò ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ fún wọn. Nínú sáfà Dell, iDRAC ló ń tọ́jú rẹ̀. Nínú ti HPE, iLO ni. Ẹ̀rọ kékeré tó dá dúró ni wọ́n: bí sáfà kò bá tilẹ̀ jí, wọ́n ṣì lè máa ṣiṣẹ́, bí iná bá ṣáà ti ń wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun tàbí kí ẹ tó nu àkọsílẹ̀ àtijọ́ kúrò, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ àti àkókò tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rí tí a bá ti parẹ́ kì í padà sọ̀rọ̀.