Ẹ̀dà Àwọn Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́

Ẹ̀dà ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ni ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ṣe kó lè gbá géèmù Famicom, Super NES, Game Boy àti irú wọn, tí kò jáde mọ́. Àwọn ẹ̀dà tó kọ́kọ́ gbòde kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́ ojúlówó. Dendy, àdàmọ̀dì Famicom tí wọ́n ń tà ní Rọ́ṣíà láti ọdún 1992, wà lára wọn. Owó pọ́ọ́kú ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn àti àwọ̀ wọn kì í sábà pé.

Ti òde òní kọjá bẹ́ẹ̀. Nintendo fúnra rẹ̀, tó ṣe ojúlówó, gbé NES Classic (NES ni orúkọ Famicom ní Amẹ́ríkà) jáde ní 2016 pẹ̀lú ọgbọ̀n géèmù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbá a lè dúró níbi tó bá wù ú, kó fi ibẹ̀ pamọ́, kó sì padà wá bá a níbẹ̀. SNES Classic ti ọdún 2017 tún jẹ́ kéèyàn dá géèmù padà sẹ́yìn díẹ̀ bó bá ṣìṣe. Inú rẹ̀ ni géèmù Star Fox 2 ti kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn oníbàárà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti parí rẹ̀ láti bí ogún ọdún ṣáájú. Àbùkù kan ni pé méjèèjì kò ní ojú ihò tí a lè ki kásẹ́ẹ̀tì géèmù bọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Analogue ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ṣíìpù FPGA, tí a lè tún ètò inú rẹ̀ tò títí yóò fi máa ṣe bíi ṣíìpù àtijọ́, ni wọ́n ń lò. Super Nt wọn (2018) ń gba kásẹ́ẹ̀tì Super NES ti Japan àti ti Amẹ́ríkà, ó sì ń gba okùn HDMI sórí tẹlifíṣọ̀n òde òní. Pocket wọn tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì Game Boy, tó jáde ní December 2021, ló wú mi lórí jù. Àmì 160 níbùú, 144 lóròó ni ojú Game Boy. Ti Pocket jẹ́ 1600 àti 1440. Ọgọ́rùn-ún àmì tuntun ló ń ya ẹyọ kan ti àtijọ́, débi pé ó lè ṣe àfarawé ojú aláwọ̀ ewé Game Boy gan-an.

Ojúlówó ṣì borí níbì kan. Ìbọn Zapper ti NES, tí wọ́n fi ń gbá géèmù Duck Hunt, gbára lé ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá gan-an tí a tẹ ìbọn. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde, nítorí náà ìbọn náà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.